Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Àwọn Ẹni Kékeré Inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé l'Ábẹ́òkúta máa ń béèrè jù lórí ìwé D. O. Fágúnwà yìí kì í ṣe nípa ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé: "Láti ilé ìwé ni mo ti ka ìwé yìí, mo mọ ìtàn náà lórí. Àmọ́ tí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á máa dárúkọ ẹni tí mi ò rántí rárá. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i?" Wọn ò ní ojú mẹ́rìndínlógún bíi ti Àgbákò, iwin inú ìwé náà o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀.

Ẹni tó ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀kan la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Tẹ́ ẹ ò bá tíì kà á, ẹ lọ kà á fún adùn rẹ̀ ná, ẹ má mú bírò dání. Ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan kékeré nígbà àkọ́kọ́ kì í gbádùn ìtàn, kì í sì í rí nǹkan kékeré ọ̀hún, torí pé kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Ìwé náà, kó jẹ́ tiyín. Tó bá jẹ́ pé ẹ yá a ni, pẹ́ńsù nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù.
- Ìwé ìkọ̀wé kan tó ní ewé 60, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò.
- Bírò méjì, búlúù àti pupa. Búlúù wà fún ohun tí ìwé sọ. Pupa wà fún èrò tiyín. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ láé. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.
- Bébà pélébé bíi mẹ́wàá fún sísàmì sí ojú ìwé, àti bébà líle kan tó gùn tó ìlà ìwé.
- Iná tó dáa. Lẹ́tà àwọn ẹ̀dà kan kéré gan-an, àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ọ sì máa ń parẹ́ lójú tí iná bá ti ń ṣẹ́jú. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ dá a dúró di ọjọ́ kejì, kó sàn ju kẹ́ ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣọdẹ nǹkan kékeré.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìwé náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtàwé ní Sápọ́n tàbí Ìbarà, kẹ́ ẹ sì ṣí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀dà ayédèrú wà níta. Ẹ tẹ̀lé nọ́ńbà ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ojú ìwé bá fò, tí wọ́n bá dà á rú, tàbí tí ìlà ìsàlẹ̀ bá gé kúrò, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ibi tó gé yẹn gan-an lè jẹ́ ibi tí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá ti sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àkọtọ́ tó wà nínú ẹ̀dà yín

Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ẹ̀dà tó ti pẹ́ ń lo àkọtọ́ àtijọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé ìlànà ọdún 1974. Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́:

- aiye, dípò ayé
- enia, dípò ènìyàn
- nwọn, dípò wọ́n
- ọkọnrin àti obirin, dípò ọkùnrin àti obìnrin
- ẹiyẹ, dípò ẹyẹ

Tẹ́ ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ̀dà àkọtọ́ àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Kò burú rárá, ṣùgbọ́n ó máa kan iṣẹ́ yín lọ́nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, nọ́ńbà ojú ìwé yín kò ní bá ti ẹlòmíì mu. Ẹ má kọ "ojú ìwé báyìí" sínú àkọsílẹ̀. Ẹ kọ àkọlé tó wà lókè apá tẹ́ ẹ̀ ń kà, kẹ́ ẹ wá ka ìpínrọ̀ láti ibẹ̀: "ìpínrọ̀ 4 lẹ́yìn àkọlé". Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ yàtọ̀ á lè bá yín dé ibẹ̀.

Èkejì, àmì ohùn kò pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà yẹn. Ojú á ka ọ̀rọ̀ kan ní ìkàkúkà, á sì kọjá lọ láìfura. Ẹnu ló máa ń tú àṣírí rẹ̀, torí gbólóhùn kì í dún dáadáa tẹ́ ẹ bá fi ohùn tí kò tọ̀nà pè é.

Ẹ̀kẹta kan àwọn tó ń kà á lórí fóònù. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé, wíwá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀, lẹ́tà bíi "ẹ̀" lè wà nínú ẹ̀rọ lóríṣi ọ̀nà méjì tó jọra lójú. Ẹ máa wá a, fóònù á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú yín. Ibi tí kò ní àmì nínú orúkọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, "kò sí" tí fóònù sọ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí.

Ìgbésẹ̀ kíkà

1. Ẹ pín ìwé náà sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Apá kìíní ni ibi tí àkọ̀wé ti pàdé Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà. Èkejì ni ìrìnàjò àkọ́kọ́ sínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹ̀kẹta ni ìrìnàjò kejì, ẹ̀kẹrin sì ni ìrìnàjò sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ fi bébà pélébé sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fi ọ̀kan sí gbogbo ibi tí ìtàn bá ti dáwọ́ dúró, tí a padà sọ́dọ̀ àkọ̀wé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ibi wọ̀nyẹn kúrú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sáré kọjá wọn.

2. Ẹ mú ẹyọ ẹnì kan péré. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ṣọ́ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tẹ́ ẹ mú yìí ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé láti ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú títí dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ojú ìwé méjì tó dojú kọra nínú ìwé ìkọ̀wé yín ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún un.

3. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀, kó di àyè márùn-ún: ibi tó wà, ohun tó ṣe, ohun tó sọ, ohun tó wọ̀ tàbí tó mú lọ́wọ́, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Àyè tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ fà, òun ló sì máa ń mówó wọlé jù. Ẹni kékeré kì í dá wà. Ẹgbẹ́ ẹni ńlá ló máa ń wà, ẹni ńlá náà ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀.

4. Ẹ kà á sókè. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé: nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sípò onítọ̀hún, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni. Ọ̀pọ̀ ló ka ìmọ̀ràn yìí sí eré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ń yí ohùn padà fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó.

5. Ẹ sọ gbogbo oǹkà di nọ́ńbà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé. Fágúnwà fẹ́ràn oǹkà púpọ̀, oǹkà Yorùbá tó gùn sì máa ń jẹ́ orin létí débi pé a kì í ṣírò rẹ̀. Àdó tí bàbá Àkàrà-Oògùn ní jẹ́ ẹgbẹ̀rún, àtò rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rin: ẹ kọ 1000, ẹ kọ 800. Tó bá ti di nọ́ńbà, ojú á rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ mọ ohun tó tẹ̀ lé e.

6. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ níbi tí àpèjúwe bá ti gùn. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ti ń fò jù. Ẹ fi bébà líle yẹn bo ohun tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì ọ̀fadà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí Àgbákò: fìlà irin ló dé, ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, ṣòkòtò awọ ló wà nídìí rẹ̀, ojú mẹ́rìndínlógún ló sì yí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé rántí ojú, wọ́n gbàgbé ṣòkòtò. Bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan ti pa ẹran rí, ó bó awọ rẹ̀, ó sì rán an fún iwin yìí. Ta ni? Ẹ fi bírò pupa kọ ìbéèrè yẹn.

7. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni náà kẹ́yìn. Ẹ má dúró síbi tó ti kú tàbí tó ti pínyà pẹ̀lú wọn. Ẹ kà á lọ títí dé òpin apá náà, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni tún rántí rẹ̀, àti ìpínrọ̀ mélòó ló kọjá kí wọ́n tó rántí.

8. Ìgbà yìí ni bírò pupa tó ń wọlé pátápátá. Gbólóhùn mẹ́ta péré: kí ni ẹni yìí ń ṣe nínú ìtàn? Kí ni ì bá bàjẹ́ tí kò bá sí níbẹ̀? Kí ni ìwé kò sọ nípa rẹ̀?

Ìgbà tẹ́ ẹ ó lò: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ọ̀kan: agbo ilé bàbá Àkàrà-Oògùn

A mú ibí yìí torí pé kò gba ìpínrọ̀ púpọ̀, ó sì wà níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohun tí gbogbo èèyàn rántí níbẹ̀ ni pé àjẹ́ ni ìyá ọdẹ yìí, àti pé bàbá yìnbọn lu ẹran tó wá jẹ ilá lóko, tó sì wá yọrí sí pé ìyàwó rẹ̀ ló yìnbọn lù. Ìbọn dún, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ọkàn òǹkàwé sì lọ síbẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Bírò búlúù. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá ní, ìyá Àkàrà-Oògùn jẹ́ ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ bí mẹ́rin. Ìyàwó kejì bí mẹ́ta. Ẹ̀kẹta bí méjì. Ẹ̀kẹrin kò bí. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti orogún rẹ̀ kan, bàbá dá ẹjọ́, ìyá rẹ̀ jẹ̀bi, inú rẹ̀ sì ru. Ó pa ọmọ mẹ́jọ àti ìyàwó mẹ́ta.

Ẹ ṣírò rẹ̀ sétí ìwé: 4 + 3 + 2 = 9. Ẹ yọ 8 kúrò, ó ku 1, ìyẹn ẹni tó ń sọ ìtàn. Ìyàwó 4, ẹ yọ 3, ó ku ìyá rẹ̀ nìkan. Oǹkà pé, kò sí àṣìṣe.

Ẹ tún un ṣírò, kẹ́ ẹ gba ọ̀nà mìíràn. Mélòó ni ọmọ àwọn orogún? Mẹ́ta àti méjì, márùn-ún. Ọmọ mẹ́jọ ló kú. Mẹ́ta tó kù yẹn ńkọ́? Ọmọ tirẹ̀ ni. Àwọn mẹ́ta tí ìyá kan náà bí pẹ̀lú Àkàrà-Oògùn wà nínú òkú wọ̀nyẹn, oǹkà lásán ni wọ́n sì gbà sọ ọ́. Kò sí orúkọ, kò sí ẹkún. Ẹni tó bá fi orin oǹkà ṣeré kọjá, kò ní mọ̀ láé pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ó ṣì ku ẹnì kan: ìyàwó kẹrin tí kò bímọ. Nínú ilé tí wọ́n ti ń fi ọmọ ka iye ènìyàn, kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè pa tó ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ yà á sí ojú ewé tirẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo lẹ máa kọ síbẹ̀. Ojú ewé tó ṣófo náà jẹ́ àkọsílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ lọ ka ibi tí ìbọn ti dún. Bàbá tó dá ẹjọ́ nígbà náà ló tún mú ìbọn báyìí. Ní tèmi, ìtàn òkú mẹ́ta yìí ló mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ láti oko wúwo tó bẹ́ẹ̀. Pupa ni mo fi kọ ìyẹn o; ìwé kò sọ ọ́. Tiyín lè yàtọ̀.

Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀lé lẹ́yìn èyí

*Àkọ̀wé.* Ọkùnrin tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ tí Àkàrà-Oògùn wá bá, tó ní kó mú ohun ìkọ̀wé. Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí kì í kọ̀wé. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

*Àwọn èrò.* Lọ́jọ́ kìíní, àkọ̀wé nìkan ló ń gbọ́ ìtàn. Tó bá fi máa di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn ti gbọ́ sí i, wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ẹ ka àwọn èrò yìí sí ẹyọ ẹnì kan, ẹ ṣí ojú ewé fún un. Ìgbà wo ni wọ́n rẹ́rìn-ín? Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni nínú wọn dá sọ̀rọ̀? Kò sí ohun tó rọrùn tó èyí fún ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ènìyàn nínú ìwé, torí ibi díẹ̀ ni wọ́n ti yọjú, bébà pélébé yín sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní.

*Ìrànlọ́wọ́.* Obìnrin tó wá bá ọdẹ lẹ́yìn tí òun àti Àgbákò ti wà á kò. Ẹ kọ ohun tó gbé wá àti ohun tó sọ pé kó ṣe, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọdẹ ṣe é bó ṣe wí.

*Lámọrín.* Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ rìn nínú ìrìnàjò kejì. Kò bá a padà sílé. Ìgbésẹ̀ keje ṣe pàtàkì jù lórí tirẹ̀.

*Ìyàwó Kákò.* Ó ń bẹ Kákò pé kó má fi òun sílẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọwọ́ Kákò ló sì kú sí. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí àwọn tó dúró tì wọ́n ṣe tàbí tí wọn kò ṣe. Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá yin Kákò ní akọni níwájú, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí i.

*Àwọn mẹ́fà tó tẹ̀lé e lọ sí Òkè Láńgbòdó.* Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ́ àti Àràmàdà-Ọkùnrin. Wọ́n di méje pẹ̀lú Àkàrà-Oògùn. Kì í ṣe pé wọ́n kéré nínú ìtàn, ṣùgbọ́n àárín ọ̀nà ni òǹkàwé ti máa ń pàdánù wọn, tí yóò kàn máa kà "wa" àti "a" láìmọ ẹni tó ṣì kù. Àyè kan ni kẹ́ ẹ fi kún ojú ewé tiwọn: *ohun tí wọ́n ní ó lè ṣe*. Nígbà tí wọ́n ń mú wọn wọlé, wọ́n sọ agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan: tafàtafà ni Èfọ̀ìyẹ́; Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin; Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko; ààjà gbé Ìmọ̀dóye lọ, ọdún méje ló sì lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ìlérí yìí sí òsì. Sí ọ̀tún, ẹ kọ ibi tó ti lò ó. Àyè ọ̀tún tó bá ṣófo títí dé òpin, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

*Àwọn inú ìtàn Ìrágbèje.* Wọ́n lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn kéékèèké fún wọn. Ìtàn inú ìtàn ni. Ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Ó máa ń rẹ ẹni tó bá tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́

*Ẹ ń kọ èrò yín bí ohun tí ìwé sọ.* Èyí ló pọ̀ jù, òun ni bírò méjì wà fún. Ẹni tó kọ "inú bí ìyàwó kẹrin torí kò bímọ" pẹ̀lú búlúù á padà wá lẹ́yìn oṣù kan, á sì máa bá èèyàn jiyàn pé ó wà nínú ìwé. Tí ẹ ò bá lè fi ìka sí ìlà tó ti wà, pupa ni.

*Ẹ ń fi fíìmù, eré orí ìtàgé tàbí ohun tí tíṣà sọ dí àlàfo.* Ohun tí wọ́n fi kún un fún eré á wọ orí, á sì jókòó bí ẹni pé Fágúnwà ló kọ ọ́. Ẹ padà sí ìwé.

*Ẹ gbà pé gbogbo nǹkan kékeré ní ìtumọ̀.* Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn òǹkọ̀wé ń gbádùn ọ̀rọ̀ ni, ó ń to nǹkan jọ torí pé ó dùn létí. Ohun tó bá padà wá lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó yí ohun kan padà, ni kẹ́ ẹ fún láyè. Èyí tó yọjú lẹ́ẹ̀kan tí kò kan ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

*Orúkọ ń da yín rú.* Ẹnì kan lè ní orúkọ, oríkì àti ìnagijẹ nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó sì rò pé èèyàn mẹ́ta ni. Ẹ kọ gbogbo wọn sókè ojú ewé ẹni náà. Àkọtọ́ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí lè mú kí orúkọ kan náà jọ méjì: Olowo-aiye àti Olówó-Ayé, ẹnì kan náà ni, ìyẹn bàbá Àkàrà-Oògùn.

*Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ sì sọ ìwé sílẹ̀.* Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, àwọn ọ̀rọ̀ kan á sì ṣàjèjì létí ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti pé márùn-ún, ẹ kó wọn lọ bá àgbàlagbà kan. Ẹ má kàn dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nìkan, torí wọ́n á sọ ìtumọ̀ tí wọ́n mọ̀, ó sì lè má jẹ́ èyí tó bá ibẹ̀ mu. Ẹ ka gbogbo gbólóhùn náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbọ́ ibí yìí, kí lẹ rò pé ó ń wí?" Ẹ óò rí i pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á fẹ́ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Tí ọ̀nà yìí kò bá bá yín lára mu

Fún ẹgbẹ́: ẹ kó èèyàn mẹ́fà jọ, ẹ pín àwọn mẹ́fà tó lọ sí Òkè Láńgbòdó láàárín ara yín, ẹnì kan sí ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti kà á. Lọ́jọ́ ìpàdé, òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó tẹ̀lé Kákò kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ Ìmọ̀dóye àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀lé òfin yìí, Kákò ni gbogbo yín máa fi ọjọ́ náà sọ.

Fún ọmọdé: ẹ ka àpèjúwe Àgbákò sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n yà á. Ẹ má fi àwòrán inú ìwé hàn wọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé ohun tí wọ́n yà. Ohun tó sọnù nínú àwòrán ni ohun tí etí wọn fò. Àgbàlagbà náà lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń jiyàn.

Fún ẹni tí kíkà Yorùbá ṣì ń fún ní wàhálà: ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, ṣe jáde lọ́dún 1968. Ó lè bá yín gbé ẹrù ìtàn náà, àmọ́ ẹ má fi ṣe oǹkà, ẹ má sì fi kó orúkọ jọ. Òun ló yan orúkọ tó fún àwọn iwin lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún gbólóhùn tò bó ṣe wù ú. Ẹ ka apá kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ padà wá ṣe ìgbésẹ̀ 3 sí 6 lórí ti Yorùbá.

Kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé

- Ṣé gbogbo ìlà búlúù ní ibi tó ti wá?
- Ṣé ẹ ti kọ ibi ìkẹyìn tí wọ́n ti dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan?
- Ṣé oǹkà tó wà létí ìwé pé?
- Ṣé ó kéré tán, ẹnì kan wà nínú àkọsílẹ̀ yín tí kò ní orúkọ?
- Ṣé ẹ fi ojú ewé méjì sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i lẹ́yìn ojú ewé bàbá Àkàrà-Oògùn? Nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1949, bàbá yìí, Olówó-Ayé, ló ni ìtàn. Ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀ ní orúkọ, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì tíì sí ìbọn kankan láàárín wọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí.